Kékeré Lara Rẹ̀, Ikùn Rẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò bá yín jà nítorí ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì. Ọkọ̀ tó rẹlẹ̀, tó gùn nímú, tó ń ké bí ẹ bá ti fẹsẹ̀ kàn án, kò sí ọ̀dọ́ tí kò ní wù. Èmi náà ṣe ọ̀dọ́ rí ní Ìsọlọ̀ yìí, nígbà tí mólúè ṣì pọ̀ ní Òṣòdì ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ bá yín yanjú ni gbólóhùn kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín ṣáá: “Bàbá, ọkọ̀ kékeré ni, kò lè jẹ epo.” Mo tọ́jú ìwé epo fún ọkọ̀ iléeṣẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo ń kọ iye lítà, èmi ni mo ń kọ iye kìlómítà, èmi náà ni mo ń bi dírẹ́bà pé níbo ni ìyókù wọlẹ̀ sí. Ohun tí mo rí nínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo tò ó ní nọ́ńbà kí ẹ lè rí ibi tí ẹ ó ti bá mi jiyàn.

1. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti wọn nọ́ńbà epo ọkọ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Iye máìlì tí wọ́n ní ọkọ̀ ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù epo kan, tí ẹ ń rí lórí fóònù yín, kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Òṣòdì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á gbé ọkọ̀ lé orí irin róbótó tó ń yí, awakọ̀ á sì máa tẹ̀lé ìlà tí wọ́n yà sójú ẹ̀rọ fún un: ìgbà báyìí ni kó sáré, ìgbà báyìí ni kó dúró. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ti ìgboro gùn tó bíi kìlómítà 18, eré rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 34 ní wákàtí kan tí a bá pín in dọ́gba. Ti ọ̀nà jíjìn ń lọ sí bíi 78. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 2008 ni wọ́n ti fi eré tó le, ooru àti AC kún ìṣirò náà, nítorí àwọn tó ra ọkọ̀ ti pariwo títí pé ohun tí àwọn ń rí lójú títì kò jọ ti ìwé.

Kìlómítà 34 ní wákàtí kan! Ẹni tó bá rí eré yẹn sá láti Ìyànà Ìsọlọ̀ dé abẹ́ afárá Òṣòdì láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ọjọ́ ìdìbò ló bọ́ sí.

Nígbà mìíràn, àwọn tó ṣe ọkọ̀ gan-an ló ń bù kún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Hyundai àti Kia gbà pé nọ́ńbà tí àwọn lẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn ní Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù. Veloster, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kékeré tí ẹ fẹ́ràn yẹn, wà nínú wọn. Ní 2014, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 100 dọ́là lé wọn. Ní 2016, Mitsubishi náà jẹ́wọ́ irú rẹ̀ ní Japan. Bí ẹni tó ṣe ọkọ̀ bá lè ṣi ìṣirò, kí ni ẹ wá ń retí lẹ́nu ẹni tó fẹ́ tà á fún yín ní yáàdù Berger?

2. Gálọ́ọ̀nù ìlú Ọba kì í ṣe gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Peckham á sọ pé Mazda MX-5 òun ń rin máìlì 40 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Àbúrò ìyá yín ní Houston á ní tòun kò kọjá 33. Ẹ má rò pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Gálọ́ọ̀nù ìlú Ọba jẹ́ lítà 4.55, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 3.79. Bákan náà ni ọkọ̀ méjèèjì ṣe ń jẹun, bíi lítà méje fún kìlómítà 100.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ lítà tí ọkọ̀ yóò jẹ fún kìlómítà 100, ẹ fi máìlì gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà pín 235. Tó bá jẹ́ ti ìlú Ọba, ẹ fi pín 282. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Nọ́ńbà Amẹ́ríkà ló sì kàn yín jù, torí ọwọ́ ọ̀tún la ti ń wakọ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún bíi ti Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ́ kó wọlé fún títà.

3. Ìdúró ló ń jẹ epo ju ìrìn lọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Ẹ̀ńjìnnì lítà méjì tó wà lórí ìdúró, tí wọn kò tan AC, ń jẹ bíi 0.6 lítà ní wákàtí kan. Ẹ wá tan AC nínú ooru oṣù kẹta, kí ẹ sì máa wọ́ tẹ̀lé ìdí dánfó díẹ̀díẹ̀, ẹ kà á sí lítà kan. Létí, ó jọ pé kò tó nǹkan.

Ó dáa. Ẹ mú ọmọ kan tó ń gbé ní Jakande Ìsọlọ̀, tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 20. Ìwé sọ pé MX-5 ọdún 2016, oní-lítà-méjì tí a ń fi ọwọ́ wọ gíà rẹ̀, ń rin máìlì 27 lórí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà nínú ìgboro. Ìyẹn jẹ́ lítà 8.7 fún kìlómítà 100. Fún kìlómítà 20, kò pé lítà méjì: 1.74 ni. Ẹ wá gbé wákàtí méjì tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lé e lórí, lítà méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ di 3.74. Ọkọ̀ tí ìwé ní kó rin kìlómítà 11 àti ààbọ̀ lórí lítà kan wá ń rin márùn-ún lé díẹ̀. Ó ju ìdajì lọ tó ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kò bàjẹ́, orí awakọ̀ kò sì dàrú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò á sọ pé ìdánwò ìgboro ti àwọn òyìnbó ní ìdúró díẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ìdáhùn náà kò ní sún jìnnà.

Ibi tí epo náà ń lọ kò ṣàjèjì sí yín. Cele ni, Ìyànà Ìsọlọ̀ ni, Toyota bus-stop ni, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ládìpọ̀ ti ń yà láìfi àmì hàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjà Aswani á tún gba apá kan títì. Bí òjò bá rọ̀, Ago Palace Way á di odò. Ní ọ̀nà Èjìgbò, bí ibùdó tí táńkà ti ń gbé epo bá ń ṣiṣẹ́, táńkà á tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo, ẹ sì ń jó tiyín lórí ìdúró nítorí àwọn tó wá gbé e.

Nítorí náà, aago tí ẹ fi ń kúrò nílé lágbára lórí epo yín ju irú ẹ̀ńjìnnì tí ẹ rà lọ. Ẹni tó kúrò ní Ìsọlọ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀ pẹ̀lú Camry Big Daddy lè jẹ epo tó kéré sí ti ẹni tó kúrò ní aago méje pẹ̀lú MX-5. Èyí tí ẹ kò ní fẹ́ gbọ́ sì nìyí: ẹ fi ọkọ̀ náà sílé láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Láti 2019 ni wọ́n ti ṣí ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, láti 2020 sì ni bọ́ọ̀sì BRT ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti Abúlé Ẹ̀gbá wá sí Òṣòdì. Ẹ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ẹ gbé sípọ́ọ̀tì yín sọ́nà Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé kò jìnnà sí òótọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má fi ẹ̀tọ́ ọkọ̀ náà dù ú. MX-5 kò wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró tí ẹ tún gbéra, ìwúwo ọkọ̀ lẹ ń fi epo tì. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù tí àwọn olówó Àjàó Estate ń gùn, tó wúwo ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà, ọkọ̀ kékeré ni yóò jàre. Kò jẹ́ wọ̀bìà tó bí àwọn alágbà kan ṣe ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ aláàwẹ̀ tó bí ẹ̀yin ṣe ń rò.

4. Ẹ bi ọkọ̀ ní orúkọ ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, ẹ má bi í ní àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo Toyota Celica tó jáde láàárín 2000 sí 2005. Oríṣi méjì ni: GT àti GT-S. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lítà 1.8 sì ni ẹ̀ńjìnnì méjèèjì. Ṣùgbọ́n GT gbé 1ZZ, ẹ̀ńjìnnì tó wà nínú Corolla ọdún 2003, kò sì bèèrè epo àrà ọ̀tọ̀. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Ládìpọ̀, tuntun àti tòkunbọ̀, ẹ lè rà á tójú bá ti mọ́. GT-S gbé 2ZZ. Ìyẹn ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ní ìlọ́po 11.5, wọ́n sì ṣe é fún epo olówó gọbọi tí ilé epo Amẹ́ríkà ń tà lọ́tọ̀.

Epo bẹntiróòlù tiwa ńkọ́? Oríṣi kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu páńpù. Epo tí Amẹ́ríkà kọ nọ́ńbà octane 87 sí lára súnmọ́ ohun tí ọ̀nà ìwọ̀n tiwa ń pè ní 91. Èyí tí GT-S ń fẹ́ ń lọ sí 95 ní ọ̀nà ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ bá fún un ní èyí tó kéré, ẹ̀ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbì-gbì nínú. Sẹ́nsọ̀ tó ń gbọ́ ìró yẹn á ní kí iná pílọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́, agbára á dín kù, ẹ̀yin á tún tẹ̀ ẹ́ sí i kó lè ṣe bó ṣe ń ṣe, epo á sì pọ̀ sí i. Ẹ san owó agbára tí ẹ kò lè lò, ẹ tún san owó epo lé e. Fún ọmọ Òṣòdì, GT ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi GT-S ṣe fáàrí, owó rẹ̀ ni.

Scion tC ti 2005 sí 2010 pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ara rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀ńjìnnì lítà 2.4 ló wà nínú rẹ̀, 2AZ tí Camry Muscle oní-sìlíńdà-mẹ́rin àwọn ọdún àkọ́kọ́ ń lò. Ìwé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá máìlì 23 lórí gálọ́ọ̀nù, ìyẹn lítà mẹ́wàá lé díẹ̀ fún kìlómítà 100, kí Òṣòdì tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ńjìnnì yẹn sì lórúkọ burúkú fún jíjó ọ́ìlì. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde ní sàláǹsà, ẹ máa lọ.

Honda CR-Z ló yẹ kó jẹ́ ọkọ̀ Òṣòdì. Láti 2010 sí 2016 ni wọ́n ṣe é, ó ń lo epo, ó ń lo bátìrì, bí ẹ bá sì dúró, ẹ̀ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀. Máìlì 35 tàbí 36 nínú ìgboro ni wọ́n kọ fún èyí tó ń wọ gíà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà kẹta lókè á ti rí ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ooru wa kì í jẹ́ kó sinmi pẹ́: bí inú ọkọ̀ bá ti ń móoru, ẹ̀ńjìnnì á tún tan kí AC lè ṣiṣẹ́. Bátìrì àwọn ti 2010 sí 2012 ti darúgbó pẹ̀lú. Bí ó bá kú, ẹ̀ńjìnnì nìkan ni yóò máa fa ọkọ̀ àti òkú bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n yẹ bátìrì wò kí ẹ tó na owó sókè.

5. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì wa tí mo ti bá wọn jà títí ohùn mi fi há. Ọkọ̀ gbóná díẹ̀, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì jù sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. “Bàbá, ìlú wa gbóná, òyìnbó ló ń lò ó nítorí òtútù.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, kò sì ní òótọ́ kankan nínú. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì ni kó dá omi dúró títí ẹ̀ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún, tó máa ń jẹ́ nǹkan bíi 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa yí kiri láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wà lórí eré, atẹ́gùn á máa mú un tutù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án lówùúrọ̀ ni, á sì máa da epo kún epo. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀jẹun ní Máfólúkù, ohun kékeré tí owó rẹ̀ kò tó ti táyà kan ni wọ́n yọ lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, ẹ wá ohun tó fà á: fáànù rádíétọ̀ ni, tàbí omi tó ń jò, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn èyí ni sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín. Òun ló ń tọ́ èéfín wò tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Ìjọba Amẹ́ríkà nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ fún awakọ̀ sọ pé títún sẹ́nsọ̀ yìí ṣe tó bá ti bàjẹ́ pátápátá lè mú kí ìrìn orí epo dára sí i tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní ìdí yáàdù? Wọ́n á pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń kìlọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ̀ńjìnnì: bí iná check engine kò bá yọ rárá, ẹnìkan ti fọwọ́ bò ó.

Fún ẹ̀yin onísípọ́ọ̀tì ní pàtàkì: ẹ yé gbé fílítà afẹ́fẹ́ ìhòòhò tó ń pariwo yẹn sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti ara ẹ̀ńjìnnì jáde ló ń fà sínú. Ariwo lẹ rà.

6. Táyà àti rímù.

Ẹ wo àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ sọ iye tó wà níbẹ̀ fún fọkanáísà, kó má fi ojú díwọ̀n. Fún psi kọ̀ọ̀kan tó bá dín nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìrìn orí epo ń dín ní nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré, àmọ́ mo ti rí táyà tó fi psi mẹ́wàá dín. Rímù ńlá tí ẹ ń wọ̀ fún ọkọ̀ tún ń da mítà rú: bí táyà bá ga ju ti iléeṣẹ́ lọ, mítà á máa ka kìlómítà tó kéré sí èyí tí ẹ rìn. Ẹ ó máa bú ọkọ̀ pé ó ń jẹun, mítà ló ń jalè.

7. Ẹsẹ̀ yín àti fírì.

Láti iná pupa kan sí òmíràn ní Àjàó, kí ni ẹ ń sáré lọ bá? Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gidi tó tún tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ń fi epo gbóná bíréèkì. Ìjọba Amẹ́ríkà kan náà sọ pé wíwakọ̀ bí ẹni ń jà lè bu ìdá 10 sí 40 kúrò nínú ìrìn orí epo níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró tó ń gbéra. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ló sì ń tan ẹsẹ̀ jù, torí gíà rẹ̀ kúrú, ó ń dáhùn kíá.

Àwọn dírẹ́bà àtijọ́ kọ́ yín pé kí ẹ fi gíà sí fírì bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá. Ní ayé kabúrétọ̀, ó lè mọ́gbọ́n wá díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lo injẹ́kítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò tí gíà ṣì wà nínú, kọ̀ǹpútà ń ti epo pátápátá, eré ọkọ̀ ló ń yí ẹ̀ńjìnnì. Bí ẹ bá fi sí fírì, ó gbọ́dọ̀ jẹ epo kó má bàa kú. Ẹni tó wá ń pa ẹ̀ńjìnnì lórí ìsọ̀kalẹ̀, bíréèkì á le, sítíárìn á le, ojú títì Òṣòdì sì kún fún ènìyàn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo mọ́.

8. Òrùlé ṣíṣí.

Bí òrùlé ọkọ̀ yín bá ń ṣí, ẹ ṣí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lórí eré, atẹ́gùn tó ń wọ inú ọkọ̀ ń fà á sẹ́yìn, epo á sì lọ sí i. Lórí ìdúró, èéfín tírélà ni ẹ ó máa fà símú, agbèrò á sì fọwọ́ gbá yín léjìká béèrè ohun tí ẹ mú wá. Ẹ ti i, ẹ tan AC, kí ẹ sì gba iye tó bá jẹ.

9. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ rọ epo kún títí ẹnu páńpù yóò fi já fúnra rẹ̀, ẹ má tún fi kún un. Ẹ kọ iye tó wà lórí mítà. Ẹ wa ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń wà á lójoojúmọ́, títí yóò fi ku bí ìdá mẹ́rin kan. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, páńpù kan náà, ẹ tún rọ ọ́ kún. Iye lítà tó wọlé ni ẹ jẹ. Ẹ fi pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Bí máìlì ni mítà yín ń kà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.6 kọ́kọ́. Ẹ ṣe é léraléra, nítorí ìgbà kan ṣoṣo lè tàn yín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń gbé jáde. Ó sábà máa ń yin ọkọ̀ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ti ₦5,000, ti ₦3,000, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ohun tí ọkọ̀ yín ń jẹ. Ẹ tún ń pa páńpù epo tó wà nínú táńkì, nítorí epo tó yí i ká ló ń tù ú lára.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú kíkún táńkì. Táńkì MX-5 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 gba lítà 45. Bí géèjì bá ṣì ku díẹ̀ tí páńpù sọ fún yín pé lítà 48 ti wọlé, ẹ pe máníjà jáde. Epo fúnra rẹ̀ náà lè ṣẹ̀: ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n wọ orílẹ̀-èdè yìí, ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ìwé tí ẹ ń kọ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín bí irú rẹ̀ bá tún dé, nítorí ẹ ó rí i pé kìlómítà ṣàdédé já lulẹ̀.

10. Owó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan kò tó ₦200 ní Èkó. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Kí oṣù tó parí, ó di ₦488 ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Oṣù kẹsàn-án 2024, ₦855. Oṣù kẹwàá, ₦998. Ẹ padà sí ọmọ Jakande wa tó ń jẹ lítà 3.74 lójúmọ́. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù kan, lítà 82 ni. Tí a bá fi lítà kan sí ₦1,000 kí ìṣirò lè rọrùn, ₦82,000 ni, láìtíì gbé ọkọ̀ náà jáde ní òpin ọ̀sẹ̀. Iye epo kan náà, kí wọ́n tó kéde, kò ju bíi ₦16,000 lọ. Ẹ̀gbọ́n yín tó ra tirẹ̀ nígbà náà tó ń sọ fún yín pé kò ní wàhálà, ayé tirẹ̀ ló ń sọ.

Àwọn kan á ní kí ẹ sọ ọ́ di ọkọ̀ oníafẹ́fẹ́ CNG tí ìjọba ń polongo láti 2023. Ẹ ṣí búùtù MX-5 kí ẹ wò ó ná, báàgì aṣọ méjì ló gbà. Níbo ni ẹ ó gbé sìlíńdà sí?

Ẹni tí ₦82,000 yìí kò bá ha lọ́rùn, kó lọ rà á. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí Celica GT, kó lọ wò ó láàárọ̀ kí ẹ̀ńjìnnì tó gbóná, kó mú ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání, kó sì bi ẹni tó ń tà á bóyá tẹ́mósítáàtì ṣì wà níbẹ̀.